Ọnọrébù Lọ Mu Omi

Ìka Jẹ́jẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú ìwé náà, títí ó fi dúró.

"Kékeré," ó ní, "wo ibí."

Kékeré na ọrùn wò ó. Ilé ìkàwé ìlú ni wọ́n wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí ilé-ìwé parí, wọ́n jókòó síbi tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ìwé ńlá kan wà láàárín àwọn méjèèjì, ó nípọn tó búrẹ́dì. Àkọsílẹ̀ ìjókòó Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ni. Gbogbo ìbò tí àwọn aṣòfin bá dì ló ń wọ inú ìwé yẹn, orúkọ kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé "Ó fara mọ́ ọn" tàbí "Kò fara mọ́ ọn." Níwájú orúkọ tí Jẹ́jẹ́ fi ìka lé, wọn ò kọ nǹkan kan. Ìlà kékeré kan báyìí ni wọ́n fà síbẹ̀.

"Kí ni ìlà yẹn túmọ̀ sí?" ni Kékeré béèrè.

Ìyá àgbàlagbà tó ń tọ́jú ilé ìkàwé náà ló dá a lóhùn láti ẹ̀yìn káńtà. Ìyá yìí máa ń fi awò ojú sórí irun, á sì tún máa wá a kiri. "Kò sí níbẹ̀ ni," ó ní. "Tí wọ́n bá fẹ́ dìbò, wọ́n á lu aago. Tí aago bá ti dákẹ́, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá wà níta, ìlà ni wọ́n máa fà fún un. Ẹ bá mi wo awò mi nítòsí yín."

"Ó wà lórí yín, mà," ni Jẹ́jẹ́ sọ.

Kékeré ò rẹ́rìn-ín. Orúkọ tó wà lẹ́yìn ìlà yẹn, orúkọ bàbá rẹ̀ ni.

Ohun tó gbé wọn dé ìdí ìwé náà nìyí. Tíṣà tó ń kọ́ wọn nípa ìjọba kì í fẹ́ iṣẹ́ tí ọmọ lè dà kọ lára ọmọ. Ó pín kíláàsì ní méjìméjì, ó kọ orúkọ àwọn aṣòfin sórí bébà, ó ká wọn, ó sì dà wọ́n sínú agolo mílíìkì. "Ẹ wá ohun mẹ́wàá tí aṣòfin yín sọ ní gbangba," ó ní. "Kí ẹ sì wá bó ṣe dìbò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ má bú u, ẹ má yìn ín. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnu rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ jọ ń gbé ilé kan náà." Lọ́jọ́ ìpàtẹ iṣẹ́, kálukú yóò ka tirẹ̀ níwájú àwọn òbí. Àwọn méjì tí iṣẹ́ wọn bá gbayì jù, ilé-ìwé yóò fi orúkọ wọn ránṣẹ́ fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí wọn yóò fi jáde ìwé mẹ́wàá.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni fún Jẹ́jẹ́. Ilé wọn ti sọ fún un pé tí kò bá rí i gbà, sáà yìí ló máa kẹ́yìn.

Jẹ́jẹ́ ló ti ọwọ́ bọ agolo. Nígbà tó tú bébà tó mú, tó ka orúkọ tó wà níbẹ̀, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń pe ọmọbìnrin aṣòfin náà ní Ọnọrébù Kékeré, wọ́n sì ti gé e kù sí Kékeré. Jẹ́jẹ́ náà, orúkọ àpèlé ni tirẹ̀. Wọ́n ní tí ilé bá ń jó, Jẹ́jẹ́ á kọ́kọ́ tọrọ àyè kó tó sọ pé ó dà bíi pé ibì kan ń gbóná.

"Ṣé kí ẹ mú òmíràn?" ni tíṣà béèrè.

"Rárá, mà," ni Kékeré dáhùn, ó sì gbé àyà sókè. "Bàbá mi ò ní nǹkan kan tí wọ́n ń fi pamọ́."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Ó ti balẹ̀, kò sì ṣeé kó mọ́.

Nínú ohun mẹ́wàá tí wọ́n wá, mẹ́fà lọ déédéé. Ọnọrébù sọ pé òun fẹ́ kí wọ́n yí orúkọ òpópónà kan padà, ó sì dìbò bẹ́ẹ̀. Ó sọ pé àwọ̀ fìlà àwọn ọlọ́pàá kò dára, ó sì dìbò bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ ọjọ́ ìsinmi fún àwọn àgbà, ó dìbò fún un. Àwọn mẹ́rin yòókù ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn tìtorí rẹ̀ ṣe ìwọ́de ní ìgboro: omi ẹ̀rọ, ilé ìwòsàn, ilé àwọn ayálégbé, àti ààbò níbi iṣẹ́. Lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀rọ̀ tí Ọnọrébù sọ lórí rédíò dùn bí oyin. Lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìlà ni wọ́n fà fún un.

Ti ààbò níbi iṣẹ́ ni Jẹ́jẹ́ fi ìka lé. Àbá òfin náà ní kí gbogbo ẹ̀rọ tó ń la igi ní ìbòrí irin lórí eyín ayùn rẹ̀. Kékeré rántí ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ìdí rédíò ni òun àti ìyá rẹ̀ jókòó sí, bàbá rẹ̀ sì ní, "Ọwọ́ òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ tún bọ́ sẹ́nu ayùn mọ́ ní ilẹ̀ yìí!" Kékeré pàtẹ́wọ́ fún rédíò lọ́jọ́ náà.

Nísàlẹ̀ ojú ìwé ni wọ́n kọ iye ìbò sí. Àwọn méjìlélógójì fara mọ́ ọn, àwọn méjìlélógójì kò fara mọ́ ọn. Òfin Ilé sì ni pé tí ìbò bá dọ́gba, àbá ti ṣubú. Ìbò ẹnì kan péré ló kù.

Jẹ́jẹ́ wo ọjọ́ tó wà lókè ìwé, ó ń ka oṣù lórí ìka rẹ̀. "Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn èyí ni ti bàbá mi," ó ní. Ohùn rẹ̀ ò yí padà rárá.

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nípa bàbá Jẹ́jẹ́ nílé-ìwé. Ilé ìlagi tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni ayùn ti gé ìka mẹ́ta lọ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé ìlagi náà ló ń ṣọ́ báyìí.

Kékeré retí kí ojú ti òun, tàbí kí inú bí òun. Kò sí èyí tó wá nínú méjèèjì. Ara rẹ̀ kàn kú tipiri, bí ètè ẹni tí dókítà eyín ṣẹ̀ṣẹ̀ gún lábẹ́rẹ́.

Ìwé àyálò ni ìwé náà, láti olú-ìlú ni wọ́n ti fi í ránṣẹ́, yóò sì padà lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìyá ilé ìkàwé ṣe ẹ̀dà kan ṣoṣo fún wọn, ó lu òǹtẹ̀ sí i. Jẹ́jẹ́ mú un, ó tì í sọ́wọ́ Kékeré.

"Ìwọ ni kó o tọ́jú rẹ̀," ó ní. "Kó sì jẹ́ pé ìwọ lo máa fi hàn wọ́n. Tó bá ti ọwọ́ mi wá, wọ́n á ní nítorí ọ̀rọ̀ bàbá mi ni."

"Mo ti gbọ́," ni Kékeré wí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n tó jẹun, Kékeré tẹ́ bébà náà síwájú bàbá rẹ̀ lórí tábìlì. Ìyá rẹ̀ ń to abọ́.

"Dádì, níbo lẹ wà lọ́jọ́ yìí?"

Bàbá rẹ̀ gbé bébà sókè. Ó wò ó pẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo lọ mu omi."

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin?"

"Gbọ̀ngàn yẹn máa ń gbóná, ọmọ mi."

"Ìdìbò ku oṣù kan," ni ìyá Kékeré sọ. Abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló dà bíi pé ó ń bá wí.

Ọnọrébù kì í ṣe oníjàgídíjàgan. Kò na ọmọ rí, kò sì gbé ohùn sókè lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó fa àga mọ́ ti ọmọ rẹ̀. "Gbọ́ mi," ó ní. "Tí mo bá ní mo fara mọ́ ọn, àwọn tó ni ilé ìlagi á bínú. Tí mo bá ní mi ò fara mọ́ ọn, àwọn òṣìṣẹ́ á bínú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sí níbẹ̀, ta ni yóò bínú sí i?"

"Ìbò kan ló kù, Dádì."

"Ta ló mọ̀ pé kan ló máa kù? Èmi ò mọ̀." Ó ká bébà náà dáadáa, ó dá a padà fún un. "Èmi ni àlejò pàtàkì yín lọ́jọ́ ìpàtẹ yẹn. Mi ò ní kó o parọ́ o. Mi ò bí ọmọ láti kọ́ ọ nírọ́. Mo kàn ní bébà kan lè ṣèèṣì wà nílé, kò sẹ́ni tó máa kú."

"Bàbá rẹ ni," ni ìyá rẹ̀ fi kún un.

"Ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ ń retí..."

Bàbá rẹ̀ ti dìde. Ó lọ sídìí fíríjì, ó ṣí i, ó gbé omi.

Kékeré wo ẹ̀yìn bàbá rẹ̀. Ó wá ń rántí. Ọjọ́ tí ìyá àgbà àti ìyá rẹ̀ jà lórí yàrá ẹ̀yìn, tí àwọn méjèèjì ní kí bàbá rẹ̀ dá ẹjọ́ náà, omi ló lọ mu. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òun fẹ́ fi ìwé sílẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù, omi ni. Irú òùngbẹ wo nìyí, tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá ń bi ènìyàn ní ìbéèrè nìkan ló máa ń gbẹ ẹ́?

Ọjọ́ ìpàtẹ iṣẹ́ pé, gbọ̀ngàn ilé-ìwé kún. Ọnọrébù jókòó sí tábìlì iwájú pẹ̀lú ọ̀gá àgbà ilé-ìwé, ìgò omi wà níwájú rẹ̀. Agbẹnusọ rẹ̀ jókòó tì í, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí tí kì í tètè rẹ́rìn-ín. Tíṣà ní aago kékeré lọ́wọ́. Tó bá ti lù ú, àwọn méjì tó kàn yóò dìde.

"Bébà yẹn ńkọ́?" ni Jẹ́jẹ́ béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ó wà lọ́wọ́ mi," ni Kékeré dáhùn. Kò parọ́. Inú àpò síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló wà.

Ó ti ń ti ọwọ́ bọ àpò náà láti àárọ̀. Tó bá fọwọ́ kàn án, á ní òun máa fi hàn. Tó bá gbé ojú sókè tó rí bàbá rẹ̀, á yọ ọwọ́. Kò sí ìrora nínú rẹ̀, kò sì sí ẹ̀rù. Ó kàn ń wo ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ ọlọ́mọ.

Aago dún. Ó kàn wọ́n.

Jẹ́jẹ́ dìde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Kékeré náà dìde. "Mò ń bọ̀," ó ní. "Jẹ́ n sáré lọ mu omi."

Nígbà tó dé ìdí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ni etí rẹ̀ tó gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ. Ó yí ẹ̀rọ náà, ó tẹ́ ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó mu omi tí òùngbẹ rẹ̀ kò gbẹ ẹ́. Fèrèsé gbọ̀ngàn wà ní ṣíṣí lókè orí rẹ̀. Ó ń gbọ́ ohùn Jẹ́jẹ́, tí gbogbo ènìyàn dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́. Jẹ́jẹ́ ka mẹ́fà àkọ́kọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ka ti omi ẹ̀rọ. Ó ka ti ilé ìwòsàn. Ó ka ti àwọn ayálégbé. Nígbà tó ka ti ààbò níbi iṣẹ́, kò sí àtẹ́wọ́ mọ́.

"Ọmọdébìnrin," ni ohùn agbẹnusọ, "ẹ̀rí dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ ẹnìkejì mi, sà."

"Ẹnìkejì rẹ dà?"

Tíṣà ní kí wọ́n ní sùúrù. Ó jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó pe Kékeré lẹ́ẹ̀kan. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, orúkọ rẹ̀ gan-an ló fi pè é nígbà yìí. Omi ẹ̀rọ ń tú lé Kékeré lọ́wọ́. Ìgbésẹ̀ ogún péré ló wà láàárín òun àti ẹnu ọ̀nà. Kò gbé ọ̀kan.

"Ṣé àlejò wa lo wá ń ba lórúkọ jẹ́?" Ohùn ọ̀gá àgbà ilé-ìwé nìyẹn. "Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣe bàbá rẹ, a sì bá yín kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kó o dúró síbí kó o máa purọ́ mọ́ àgbàlagbà. Tọrọ àforíjì."

"Mi ò lè tọrọ àforíjì lórí ohun tí mo fojú mi kà, mà," ni Jẹ́jẹ́ wí.

"Ó dáa. Lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì."

Kékeré gbé orí sókè dé ojú fèrèsé. Ó rí bàbá rẹ̀. Ọnọrébù ò sọ pé irọ́ ni ọmọ náà pa. Kò sì sọ pé òtítọ́ ni. Ó ń ṣí ìdérí ìgò omi.

Lọ́jọ́ kejì, tíṣà pe Kékeré sí kọ̀rọ̀. "Bébà tí Jẹ́jẹ́ ń wí dà? Mo ti kọ lẹ́tà sí olú-ìlú pé kí wọ́n fi ìwé yẹn ránṣẹ́ padà, ṣùgbọ́n mi ò mọ ìgbà tí wọ́n máa dáhùn. Orúkọ àwọn tó máa gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ń lọ ní ọjọ́ Ẹtì o."

"Mi ò rí i mọ́, mà," ni Kékeré wí.

Bàbá rẹ̀ ti ṣèlérí pé kò ní sí irọ́ nínú rẹ̀. Irọ́ náà nìyí, ó ti dé, kò sì pẹ́ lọ́nà.

Orúkọ àwọn ọmọ méjì mìíràn ló lọ. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ìkejì kọjá. Kékeré ń jẹun, ó ń sùn, ó ń dáhùn "pírẹ́sẹ́ǹtì" tí wọ́n bá pe orúkọ nínú kíláàsì. Bàbá rẹ̀ ra aago ọwọ́ fún un, ó sọ pé ẹ ṣé, sà, ó so ó mọ́ ọwọ́. Kò sunkún. Ó gbìyànjú rẹ̀ nígbà kan ní balùwẹ̀, omijé ò wá. Ìjókòó Jẹ́jẹ́ wà lófìfo. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì náà pé, ó ṣì wà lófìfo. Wọ́n ní ó ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìlagi tí bàbá rẹ̀ ń ṣọ́.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹta, agbẹnusọ Ọnọrébù fi ìwé ìpolongo ránṣẹ́ sí ilé wọn, òkìtì rẹ̀ wà lórí tábìlì. Kékeré mú ẹyọ kan. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Kò dìbò tako òṣìṣẹ́ rí." Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Òtítọ́ ni. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ irọ́ nínú rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló mú un dìde. Ó wọ yàrá, ó yọ bébà náà láti abẹ́ àwọn aṣọ inú àpótí rẹ̀, ó sì gbé e lọ sílé-ìwé.

Ó kà á níwájú gbogbo àwọn ọmọ ilé-ìwé nígbà tí wọ́n tò sórí ìlà láàárọ̀ ọjọ́ náà, òǹtẹ̀ àti gbogbo rẹ̀. Ó sọ pé ọwọ́ òun ni bébà náà wà lọ́jọ́ ìpàtẹ, ìdí ẹ̀rọ omi lòun wà, òun sì gbọ́ nígbà tí wọ́n ń pe òun. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"A ṣẹ ọmọ yẹn," ó ní nígbà tí wọ́n dé ọ́fíìsì. "Èmi fúnra mi máa lọ bẹ àwọn òbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ti lọ, wọ́n sì ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀. Ká ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn lo wá ni."

Nílé, bàbá rẹ̀ ti gbọ́ kó tó dé. Kò bá a wí. Ó wò ó bíi pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì dìde lọ sídìí fíríjì. Oṣù náà kò parí tó fi wọlé ìbò.

Kékeré lọ sí ilé ìlagi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bàbá Jẹ́jẹ́ fi ọwọ́ ìka méjì ṣí géètì fún un, ó sì kí i bí ẹni tí kò sí nǹkan kan láàárín wọn. Ariwo ẹ̀rọ bo gbogbo ibẹ̀. Jẹ́jẹ́ ń gbá lẹ́búlẹ́bú igi jọ, ó fi aṣọ di imú, ó ti rù díẹ̀.

"Mo ti kà á," ni Kékeré pariwo kí ohùn rẹ̀ lè bo ti ẹ̀rọ. "Níwájú gbogbo wọn. Mo ka gbogbo rẹ̀."

"Mo gbọ́. O ṣé."

"Padà wá sílé-ìwé. Màá bẹ Dádì mi kó san án."

Jẹ́jẹ́ mi orí. Kò bínú, ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. "Nígbà tí wọ́n pe orúkọ wa," ó ní, "o ò sí níbẹ̀."

Kékeré fà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kan. Kíá ni Jẹ́jẹ́ ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó fa ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra. "Rọra!" ó ní. "Ayùn ló wà lẹ́yìn rẹ yẹn. Kò ní ìbòrí."

Kékeré wẹ̀yìn. Ayùn ńlá náà ń yí, eyín rẹ̀ wà ní gbangba, kò jìnnà tó apá kan sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó wo ọwọ́ Jẹ́jẹ́ tó di tirẹ̀ mú, ìka márààrún, lẹ́búlẹ́bú igi lórí gbogbo wọn. Ìgbà yẹn ni ara rẹ̀ tó jí. Ó dùn ún débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín lẹ́búlẹ́bú igi, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́, Jẹ́jẹ́ sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ nítorí ọ̀gá ń bọ̀.

Bébà náà wà lára ògiri kíláàsì wọn dòní, tíṣà ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Nísàlẹ̀ orúkọ bàbá rẹ̀, Kékeré ti fi bírò kọ orúkọ tirẹ̀ gan-an, èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ó kọ ọjọ́ ìpàtẹ iṣẹ́ tì í, ó sì fa ìlà kékeré kan síwájú rẹ̀. Tí àwọn ọmọ tuntun bá bi í pé kí ni ìlà yẹn, kì í dìde. Á jókòó, á sì sọ ọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ohun tó máa ń fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wọn náà ni kí ẹ̀yin tó ń ka èyí mú lọ. Ẹni tó mọ òtítọ́, tó sì jáde síta nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀, kó má rò pé òun ò dìbò. Ó ti dì í. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni ìbò rẹ̀ ń gé.